Páàdì Bíréèkì Tó Yẹ Ọkọ̀ Asáré ní Etíkun Àgbádárìgì

Orí ìjánu ọkọ̀, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí bíréèkì, ni ìjíròrò yìí dá lé.

Láyé àtijọ́, ẹni tí yóò gun ẹṣin kì í ṣàì wo ìjánu rẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Bí ẹṣin bá ti mọ eré sá tó ni ìjánu rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mú un tó. Ṣùgbọ́n ìjánu tí ó le jù a máa ya ẹṣin lẹ́nu, a sì máa gbé ẹni tí ó gùn ún ṣánlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń ra ọkọ̀ asáré lóde òní, tí wọ́n sì ń tú kálípà kékeré tí ó bá ọkọ̀ náà wá kúrò, tí wọ́n ń fi ńlá rọ́pò rẹ̀. Wọ́n a kùn ún ní pupa tàbí ní àwọ̀ ìyeyè, kí ó lè máa hàn láàrin ríìmù. Èyí kò burú. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì ni pé: irú páàdì wo ni wọ́n fi sínú kálípà náà? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni yóò sọ bóyá owó tí wọ́n ná jẹ́ ààbò, tàbí ó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán, tàbí ó tilẹ̀ jẹ́ ewu tí wọ́n fi owó ara wọn rà.

Ẹ wo ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Ó gba Mile 2, Ọ̀jọ́ àti Ìyànà-Ìbà kọjá, ó dé oríta Agbára, ó gba Àgbádárìgì, ó sì tẹ̀ síwájú títí dé Sèmè tí í ṣe ẹnubodè Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin. Apá kan ni ó jẹ́ nínú ọ̀nà etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó lọ títí dé Dakar. Orí ọ̀nà yìí ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1975. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ fi ń pe ibùdókọ̀ kan níbẹ̀ ní Volkswagen. Ibì kan wà lórí ọ̀nà yìí tí ó dán tí awakọ̀ lè sáré. Ibòmíràn wà tí kòtò ti gbà á. Ọkọ̀ akẹ́rù, dánfó, ọ̀kadà, aláàárù àti ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n jọ ń lò ó. Ẹni tí ń sáré lè ṣẹ́ kọ́nà kan, kí ó sì bá igi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi dábùú ọ̀nà pàdé. Níbi tí ìdúró òjijì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, páàdì kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú bíréèkì. Nǹkan mẹ́ta ló ṣe kókó. Èkíní ni dísìkì, àwo irin tí ó ń yí pọ̀ mọ́ táyà. Èkejì ni kálípà, tí ó há dísìkì náà láàrin bí ìgbà tí ènìyàn fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀là mú àwo. Ẹ̀kẹta ni páàdì méjì tí ó wà nínú kálípà, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, másítà a ti ọ́ìlì bíréèkì gba inú ọ̀pá tín-ín-rín lọ, ọ́ìlì a ti písítìn inú kálípà, písítìn a ti páàdì, páàdì a sì di dísìkì mú. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Lanchester, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní ọdún 1902. Ṣùgbọ́n ọdún 1953 ni gbogbo ayé tó rí agbára rẹ̀ dáadáa, nígbà tí ọkọ̀ Jaguar C-Type tí ó ní bíréèkì oní-dísìkì gba ipò kìíní nínú ìdíje Le Mans ní ilẹ̀ Faransé. Bí àwọn tí ń bá a díje ṣe ní láti tètè máa rọra dẹ eré, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ Jaguar lè sáré súnmọ́ kọ́nà kí ó tó tẹ bíréèkì.

Iṣẹ́ tí bíréèkì ń ṣe gan-an ni pé ó ń sọ eré di ooru. Ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì lè fi èyí ṣe ìṣirò fún àwọn ọmọ kíláàsì yín. Ká ní ọkọ̀ kan wọn kílógíráàmù 1,400, tí ó sì ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan. Agbára tí ó wà nínú eré náà tó nǹkan bí júùlù 540,000. Kí ọkọ̀ náà tó lè dúró, gbogbo agbára yìí ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ooru láàrin páàdì àti dísìkì. Ooru náà tó láti mú omi tútù tí ó ju lítà kan àbọ̀ lọ hó. Bí eré náà bá jẹ́ kìlómítà 50, agbára rẹ̀ kò ju 135,000 lọ, ìyẹn ni pé ìdá mẹ́rin péré ni. Ẹni tí ó sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì ti sọ ẹrù bíréèkì rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tí ó fi ẹ́ńjìnì tuntun tàbí agbára mìíràn kún ọkọ̀ rẹ̀, tí ó sì rò pé ó yẹ kí bíréèkì náà yí padà, ó ronú dáadáa.

Kí wá ni kálípà ńlá ń ṣe? Àwọn kan gbà pé bí kálípà bá ti tóbi tó ni ọkọ̀ yóò ti tètè dúró tó. Èrò yìí kò tọ̀nà tán. Ẹ jẹ́ kí á tún fi ìṣirò gbé e yẹ̀ wò. Ká ní kálípà àtijọ́ ní písítìn kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 57. Ojú písítìn náà tó nǹkan bí sẹ̀ntímítà 25.5 níwọ̀n onígun mẹ́rin. Ká ní kálípà tuntun ní písítìn mẹ́rin, méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ìbú ọ̀kan jẹ́ mílímítà 40, tí ti èkejì jẹ́ 44. Ojú písítìn méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, àpapọ̀ rẹ̀ tó 27.8. Agbára tí yóò fi há dísìkì kò fi ju ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lọ ju ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá mú páàdì tí ìwọ̀n ìdìmú rẹ̀ jẹ́ 0.36 kúrò, tí ó fi èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 0.45 sí i, agbára ìdádúró ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i. Ìwọ̀n ìdìmú yìí ni bí páàdì ṣe ń di dísìkì mú tó nígbà tí a bá tì í. Ẹ̀yin ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: páàdì tí owó rẹ̀ kéré, tí kò sì hàn láàrin ríìmù, ni ó ń yí ọkọ̀ padà ju kálípà pupa tí gbogbo ènìyàn ń wò lọ.

Èrè gidi tí ó wà nínú kálípà ńlá àti dísìkì ńlá ni pé wọ́n lè gba ooru púpọ̀ sára, wọ́n sì tètè ń tutù. Ẹni tí ó bá tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti orí eré kò lè rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra ni yóò mọ̀ pé tirẹ̀ kò rẹ̀ bí ti ẹlòmíràn. Bákan náà, ẹ má ṣe gbàgbé pé táyà ni ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Bí táyà bá ti gbẹ́, tí ojú rẹ̀ ti dán bí orí apárí, kò sí kálípà tàbí páàdì tí yóò dá ọkọ̀ náà dúró lórí ọ̀dà tí ó tutù. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Ó ti wá kù sí yíyan páàdì. Nǹkan mẹ́rin ni ó yẹ kí ẹni tí yóò yàn án wò.

Àkọ́kọ́ ni bí páàdì ti rí. Kálípà kọ̀ọ̀kan ní irú páàdì tirẹ̀. Bí ẹni kan bá ti pààrọ̀ kálípà, orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ kò wúlò mọ́ nígbà tí ó bá lọ sọ́jà páàdì. Orúkọ àti nọ́ńbà kálípà tuntun ni yóò máa dá. Ìṣòro ńlá ni èyí fún àwọn tí wọ́n ra kálípà tí a tú lára ọkọ̀ tòkunbọ̀, tí wọn kò sì mọ ọkọ̀ tí wọ́n tú u lára rẹ̀. Àwọn kan a mú páàdì tí ó fara jọ ọ́, wọn a fi fáìlì ha etí irin ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi wọlé. Irú páàdì bẹ́ẹ̀ lè há sínú kálípà, ó lè máa mì jẹ̀ẹ̀jẹ̀ẹ̀, ó sì lè má bo ojú dísìkì tán. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀.

Èkejì ni ìwọ̀n ìdìmú tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ páàdì ni wọ́n kọ lẹ́tà méjì sí ní ẹ̀gbẹ́ tàbí ní ẹ̀yìn, bí EE, FF tàbí GG. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀. E dúró fún ìwọ̀n tí ó wà láàrin 0.25 àti 0.35, F wà láàrin 0.35 àti 0.45, G wà láàrin 0.45 àti 0.55. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bí páàdì ti ń ṣe nígbà tí ooru rẹ̀ kò tíì pọ̀. Lẹ́tà kejì ń sọ bí ó ti ń ṣe nígbà tí ó bá gbóná janjan. Nítorí náà páàdì tí a kọ FE sí ń dẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná, èyí tí a kọ FF sí sì ń dúró lójú kan. Fún ọkọ̀ tí a ń wà lójú pópó, FF tó, ó sì tún ṣẹ́kù. Àwọn lẹ́tà yìí kò sọ bí páàdì yóò ti pẹ́ tó, wọn kò sì sọ bóyá yóò máa pariwo. Ṣùgbọ́n wọ́n sàn ju àwòrán ẹkùn àti iná tí ó wà lára páálí lọ.

Ẹ̀kẹta ni ooru tí páàdì lè fara dà, àti ooru tí ó ń fẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́. Níbí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Páàdì onífọ́nrán, tí a fi àtè lẹ fọ́nrán pọ̀, máa ń rọ̀, kì í pariwo, ó sì ń mú láti ìtẹ̀ àkọ́kọ́; ṣùgbọ́n ó tètè ń rẹ̀ bí ooru bá pọ̀. Páàdì onírin, tí fọ́nrán irin wà nínú rẹ̀, lè gba ooru púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ dísìkì, ó sì lè máa pariwo. Páàdì sẹ̀rámíìkì kì í fi bẹ́ẹ̀ ní eruku, ó ń ṣe déédéé, ó sì wọ́n. Ẹ̀kẹrin wọn ni páàdì ìdíje, èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tí ń sáré yípo pápá láìsinmi. Páàdì bẹ́ẹ̀ kò mọ òwúrọ̀. Bí ó bá tutù, ń ṣe ni yóò máa yọ̀ lórí dísìkì. Ìgbà tí ó bá gbóná tán ni yóò tó di nǹkan mú.

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé irú páàdì ìdíje bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Àgbádárìgì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi èyí sí i. Òun ni wọ́n fi ń sá eré ìdíje lókè òkun.”

“Àbúrò, pápá ìdíje wo lo fẹ́ lọ?”

“Mi ò lọ sí pápá kankan, Ẹ̀gbọ́n. Ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ.”

“Tó o bá jáde nílé láàárọ̀, tí ọmọ ilé-ìwé kan sáré bọ́ sójú títì kó o tó rìn jìnnà, ta ni yóò ti bá ọ mú páàdì yẹn gbóná?”

Ìbéèrè mẹkáníìkì yìí ló kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà já. Ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 28 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí páàdì bá fi ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá péré lọ́ra kí ó tó mú, ọkọ̀ ti lọ tó mítà 14 láìní ìjánu. Ìwọ̀n yẹn ju gígùn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a tò tẹ̀ léra wọn lọ.

Ohun kẹrin tí a gbọ́dọ̀ wò ni ọ̀gangan ibi tí ọkọ̀ náà ń gbé. Etíkun Àgbádárìgì yàtọ̀ sí Ìbàdàn tàbí Kàdúná. Afẹ́fẹ́ òkun a máa gbé iyọ̀ wá. Bí ọkọ̀ bá sùn síta ní ìtòsí òkun, ìpẹtà a ti bo ojú dísìkì kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tí ó wà lójú dísìkì kò le. Ìtẹ̀ bíi mélòó kan yóò nù ún kúrò. Èyí tí ó ń wọ ẹ̀yìn páàdì ni ó burú, nítorí ó lè ti ara páàdì kúrò lára irin tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́, títí yóò fi ya. Páàdì onírin tí irin rẹ̀ pọ̀ jù tún lè lẹ̀ mọ́ dísìkì bí ọkọ̀ bá dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìrìn. Nítorí náà, ẹni tí ń gbé etíkun gbọ́dọ̀ wá páàdì tí wọ́n ti kun ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kí ó má baà pẹtà, tàbí èyí tí ìṣó inú irin ẹ̀yìn rẹ̀ di ara páàdì mú.

Iyanrìn náà ń bẹ. Ọ̀pọ̀ kálípà tí wọ́n ṣe fún ìdíje ni kò ní rọ́bà tí ń dènà eruku lára písítìn, nítorí pé lẹ́yìn ìdíje kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú u tí wọ́n ń fọ̀ ọ́. Bí irú kálípà bẹ́ẹ̀ bá ń gba ojú ọ̀nà oníyanrìn etíkun lójoojúmọ́, iyanrìn àti iyọ̀ yóò wọ inú rẹ̀, písítìn yóò sì há. Nígbà náà páàdì kan yóò jẹ tán, èkejì yóò ṣì nípọn, ọkọ̀ yóò sì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Kálípà ojú pópó tí ó ní rọ́bà ni ó yẹ etíkun.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kò sì yọ ọ́ìlì bíréèkì sílẹ̀. Ọ́ìlì yìí a máa fa omi sára díẹ̀díẹ̀. Èyí tí a kọ DOT 3 sí kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé ìwọ̀n 205 ní Sẹ́síọ̀sì nígbà tí ó ṣì tuntun. Bí ó bá ti fa omi sára tán, ìwọ̀n náà lè já wá sí 140. Ti DOT 4 jẹ́ 230 ní tuntun, ó sì jẹ́ 155 nígbà tí ó bá ti fa omi. Bí ọ́ìlì bá hó, afẹ́fẹ́ ni yóò wà nínú ọ̀pá, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò sì rì dé ilẹ̀ láìsí ìdáhùn. Ẹni tí ó ra páàdì tí ó lè fara da ooru ńlá, tí ó sì fi ọ́ìlì ọlọ́dún mẹ́rin sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn iwájú, ó sì ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀ fún olè. Kí á máa pààrọ̀ ọ́ìlì náà ní ọdún méjìméjì ni ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀, ẹni tí ń gbé etíkun kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn tí ń yan páàdì kì í rántí: táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn kì í gba iṣẹ́ kan náà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń dúró lójijì, ìwúwo rẹ̀ a tẹ̀ síwájú, táyà iwájú a sì máa ṣe ìdá méje nínú mẹ́wàá iṣẹ́ náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni kan bá fi páàdì tí ó le jù sí ẹ̀yìn, táyà ẹ̀yìn yóò dúró gbagidi kí ti iwájú tó dúró, ìdí ọkọ̀ yóò sì yí síwájú. Bí ó bá fi páàdì líle sí iwájú nìkan, iwájú yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́, ẹ̀yìn yóò sì di aláṣẹ́kù. Nítorí náà irú páàdì tí iṣẹ́ wọn súnmọ́ra ni ó yẹ kí ó wà níwájú àti lẹ́yìn, kò sì sí ìgbà kan tí a gbọ́dọ̀ fi ọ̀tọ̀ sí ọ̀tún, kí á fi ọ̀tọ̀ sí òsì.

Níbo ni a ti ń ra páàdì? Ojú ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà ni ọjà ASPAMDA wà, nínú ọgbà Trade Fair ní Ọ̀jọ́, níbi tí àwọn oníṣòwò ẹ̀yà ara ọkọ̀ kóra jọ sí. Ọjà Ládípọ̀ wà ní Mushin. Àwọn oníṣòwò olóòótọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojúlówó ti wà ni ayédèrú wà, òfin tí ó sì dá àjọ SON sílẹ̀ ní ọdún 1971 fún wọn ní iṣẹ́ àbójútó irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra páàdì kí ó wo bóyá nọ́ńbà tí ó wà lára páálí bá èyí tí ó wà lára irin mu. Kí ó wo bóyá ara páàdì lẹ̀ mọ́ irin yíká láìsí àlàfo. Kí ó wo bóyá etí rẹ̀ ń rún bí àkàrà gbígbẹ. Páàdì tòkunbọ̀, tí ẹlòmíràn ti lò kù, kò yẹ ní rírà rárá, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ lókìkí tó, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ iná tí ó ti jó o rí.

Ọ̀rọ̀ asbẹ́sítọ́ọ̀sì tún wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún ogún, nǹkan yìí ni wọ́n fi ń ṣe páàdì káàkiri ayé, nítorí iná kì í jó o. Lẹ́yìn náà ni ó hàn gbangba pé eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró àti nínú awọ tí ó yí i ká. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dè é ní ọdún 1999; ìjọba Amẹ́ríkà náà kéde òfin lórí irú rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń kó wọlé ní oṣù kẹta ọdún 2024. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ewu rẹ̀ súnmọ́ jù, nítorí àwọn ni wọ́n ń fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú bíréèkì dànù. Aṣọ tí a rin sínú omi ni kí wọ́n fi nù ún. Ẹni tí ó bá sì ń ra páàdì, kí ó ra èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì.

Inú yóò dùn sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ láti gbọ́ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kò káwọ́ gbera lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2008, Ibhadode àti Dagwa tẹ ìwé ìwádìí jáde lórí bí a ti lè fi èèpo ẹ̀kùrọ́ ṣe páàdì tí kò ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti fi ìhàhá ìrèké ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń dà sí ààtàn lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹ̀kùrọ́ tán lè di ohun tí yóò dá ọkọ̀ dúró. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ kẹ́místírì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn tí a bá ti ra páàdì tí ó yẹ, iṣẹ́ kò tíì parí. Páàdì tuntun àti dísìkì gbọ́dọ̀ mọ ara wọn. Ìwé tí ó bá páàdì wá ni kí á kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ ni pé, ní ojú ọ̀nà tí kò sí èrò, kí awakọ̀ sá eré kìlómítà 50, kí ó tẹ bíréèkì níwọ̀ntúnwọ̀nsì títí eré yóò fi kù sí mẹ́wàá, kí ó tún gbéra láì jẹ́ kí ọkọ̀ dúró, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí ó máa lọ jẹ́jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù. Ẹni tí kò ṣe èyí lè máa bú páàdì tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Bí ara páàdì kò bá ju mílímítà mẹ́ta lọ mọ́, ó ti tó pààrọ̀.

Àwọn kan lè sọ pé, bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni yóò tún máa pààrọ̀ kálípà? Ìbéèrè náà dára. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ láàrin Àgbádárìgì àti Èkó, kálípà tí ó bá ọkọ̀ wá tó, bí páàdì rẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó, tí ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ tuntun, tí táyà rẹ̀ sì dára. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ lágbára ju bí wọ́n ti ṣe é lọ, tàbí tí ó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó nídìí láti pààrọ̀ rẹ̀, òun náà sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò: kí písítìn tuntun má tóbi ju ohun tí másítà lè tì lọ, kí ríìmù gba kálípà, kí páàdì sì jẹ́ ti ojú pópó. Àwọn mìíràn lè ní owó àwọn ni, ọkọ̀ àwọn ni. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó rà á, ṣùgbọ́n ọ̀nà jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Obìnrin tí ó ru ẹja láti etí ọ̀sà, tí ó fẹ́ kọjá sí òdìkejì títì, kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ná páàdì lọ́jà; síbẹ̀ òun ni ó lè san gbèsè rẹ̀.

Láti ọdún 1988 ni a ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin sì ti fi kìlómítà 100 ní wákàtí kan ṣe òpin eré fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí ọ̀nà ńlá, ó sì fi 50 ṣe ti àárín ìlú. Kò sí páàdì tí ó lè rọ́pò òfin yìí, kò sì sí kálípà tí ó lè ronú fún awakọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí awakọ̀ ti ṣe ohun gbogbo tí ó yẹ, tí ewu sì yọjú lójijì, páàdì wẹ́wẹ́ méjì tí ó wà nínú táyà kọ̀ọ̀kan ni ó kù láàrin òun àti àbámọ̀. Kí ẹ̀yin olùkọ́ bá àwọn ọmọ yín ṣe ìṣirò rẹ̀; kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ní ọkọ̀ tàbí tí ẹ ń wa ti ẹ̀gbọ́n yín tú táyà kan ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ wo lẹ́tà tí ó wà lára páàdì yín, kí ẹ wo bí ó ti nípọn tó, kí ẹ sì wo bóyá ìpẹtà ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.